Ẹyẹ Nínú Apá Aṣọ Akọrin

Alágbàfọ̀ ni àbúrò mi obìnrin, Kò-sábàwọ́n sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fọ aṣọ tán, á nà án sókè sí oòrùn, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á fi imú kàn án, á wá kéde bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń dúró de ìdájọ́ rẹ̀: "Kò sábàwọ́n!" Òun ń fọ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ̀. Mo ti lọ aṣọ àwọn aráyé títí, mo ti ń mọ ìwà wọn láti ara ṣòkòtò wọn. Ẹni tí ìgúnpá ẹ̀wù rẹ̀ bá kọ́kọ́ gbó, ẹni tó ń fara ti tábìlì tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn ni. Ẹ má bá mi jiyàn, ọwọ́ mi ni áyọ́ọ̀nù wà.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni ilé iṣẹ́ wa. Ọpọ́n ìfọṣọ mẹ́ta tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi ìṣanṣọ, ìkẹta fún búlúù àti sítáàṣì. Okùn ìsáṣọ gba ojú oòrùn kọjá láti ògiri dé ògiri. Ní igun kan ni àtíbàbà onípáànù wà, okùn kan ṣoṣo sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún aṣọ tí kò gbọdọ̀ rí oòrùn, àti aṣọ tí ẹni tó ni ín kò tíì wá gbà. Kò-sábàwọ́n kì í ká aṣọ funfun sílẹ̀ láé. Ó ní aṣọ funfun tí a bá ká pamọ́ máa ń sunkún, ojú ẹkún rẹ̀ ló sì máa ń pọ́n. Èmi ò gbọ́ ẹkún aṣọ rí, ṣùgbọ́n òun ló niṣẹ́. Bí apá aṣọ náà bá wá fẹ̀ débi tó lè kan ilẹ̀, á ṣẹ́ ẹ po sókè, á fi pẹ́ẹ̀gì há a mọ́ èjìká, á wá rí bí àpò ńlá kan. Mi ò mọ alágbàfọ̀ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé wa nígbà náà. Ọkọ àbúrò mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Mẹkáníìkì ni, èèyàn jẹ́jẹ́, òun nìkan lẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ borí ọṣẹ ìyàwó rẹ̀. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì pẹ́ rárá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ń wá sílé wa lójoojúmọ́ láti bá a gbàdúrà. Agbẹ̀bí ni ọ̀rẹ́ yìí, ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní òpópónà kejì. Obìnrin ńlá ni, ó sanra dáadáa, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, òun ló sì ń gbé ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti àbúrò mi ti kọ́ ABD. Agbẹ̀bí ló ń sọ fún un lórí ìkúnlẹ̀ pé, "Ó máa dìde. Ọlọ́run ti gbọ́." Ọkọ kò dìde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Kò-sábàwọ́n nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó gbọ́ tí kò dáhùn, kí ni mo tún ń pè É fún?" Láti ọjọ́ náà, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò gbàdúrà lórí oúnjẹ, kò gbàdúrà lórí ibùsùn. Òun àti Agbẹ̀bí kò jà, ìjà gan-an sàn ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. "O káàárọ̀." "O káàárọ̀." "Ilé ńkọ́?" "Ó wà." Ó parí. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín débi tí aládùúgbò á fi lu ògiri, wọ́n wá ń lò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo rí i pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, àbúrò mi á di ẹni tó jẹ́ ọṣẹ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ láyé.

Ìgbà tó yá, wọ́n ń tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe, wọ́n sì dá Sunday tí wọ́n máa ṣí i. Agbẹ̀bí gbé aṣọ akọrin rẹ̀ wá fún fífọ̀. Aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ ọwọ́ méjì lè sùn nínú apá rẹ̀ kan. Ó gbé e lé ọwọ́ àbúrò mi, ó ní:

"Bí o bá fọ̀ ọ́ tán, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mò ń fọṣọ ni, mi ò kì í gbé aṣọ kiri. Ẹni tó laṣọ ló ń wá gbaṣọ."

"Mi ò ní wá gbà á."

"Á jẹ́ pé ó ti rí ilé tuntun nìyẹn."

"Ọjọ́ tí o bá gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì ni màá wọ̀ ọ́. Mo ti sọ ọ́, mo sì ti búra."

"Èmi náà ti búra!"

Báyìí ni àgbà obìnrin méjì ṣe búra lórí aṣọ kan bí ọmọ iléèwé. Mo wà lẹ́yìn tábìlì ìlọṣọ mi, mo sì rí i kedere pé kì í ṣe aṣọ ni wọ́n ń fà. Agbẹ̀bí fẹ́ fi aṣọ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà fẹ́ kó wá sílé kó wá bẹ òun. Aṣọ náà mọ́, kò sábàwọ́n, wọ́n fi kọ́ sábẹ́ àtíbàbà, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè tí pẹ́ẹ̀gì há wọn. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Agbẹ̀bí ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ síbi iṣẹ́, á gbé orí rẹ̀ sápá ọ̀tún. Àbúrò mi ń gbálẹ̀ iwájú ilé, á gbé tirẹ̀ sápá òsì. Ọrùn wọn ló ń dùn mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Kò-sábàwọ́n lọ gbọn eruku ara aṣọ náà. Bó ṣe ki ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀ báyìí, fìrì! nǹkan kan já jáde, ó gbá a nímú, ó gba orí rẹ̀ kọjá. Igbe tó ké, mo rò pé ògiri ló wó. Mo sáré jáde tèmi ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, mo bá a nínú ọpọ́n omi ìṣanṣọ, ó jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà níta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Aṣọ Agbẹ̀bí ti ń fò!"

Ológoṣẹ́ ni. Ó ti bà sórí ògiri, ó ń bú wa. Mo fa àbúrò mi jáde, omi ń ro tótótó lára rẹ̀, a rọra yọjú wo inú apá aṣọ náà. Ẹyẹ yìí ti kó koríko, òwú, okùn báàgì àti ìdajì ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan tí a ti ń wá káàkiri, ó ti fi kọ́ ìtẹ́ sínú àpò tí pẹ́ẹ̀gì ṣe fún un. Ẹyin mẹ́ta wà nínú rẹ̀, kékeré báyìí, wọ́n ní tótòtó lára.

"Wò ó, gbé e sórí ògiri níbẹ̀ yẹn," mo wí. "Kí o tún aṣọ fọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká gbé ilé aládùúgbò jù síta pẹ̀lú aládùúgbò nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá wọn ò ní padà wá mọ́ tí a bá fọwọ́ kàn án. Èmi kọ́ ni màá ṣe irú ẹ̀ fún ẹlòmíì." Ó yíjú padà kíá, ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ṣáà ń wo ibi tó gbà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa kò gbádùn mọ́, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí. Kò-sábàwọ́n ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré ní ẹ̀yìnkùlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọn aṣọ pàà, bí ikọ́ bá gbé ọ, lọ sí òpópónà kí o lọ wú u níbẹ̀. Ó da epo sí ìdè ilẹ̀kùn wa tó ti ń ké láti ìgbà tí a ti dé ilé náà, tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó da epo sí. Nítorí ẹyẹ ló ṣe é! Gbogbo aṣọ tó yẹ kó wà lábẹ́ àtíbàbà wá ń gbẹ lórí àga wa, lórí fèrèsé, lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń fọṣọ lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń mú ewúrẹ́ sá, òun náà wá ń fi ọmọníka ẹsẹ̀ wọlé, á na ọwọ́, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá, ṣé kóòtù mi ti gbẹ?" Àwọn ará àdúgbò rí i pé gbogbo èèyàn ń yọ́ ẹsẹ̀ wọlé wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa pé àwọn gbọ́ pé ara ẹnìkan ò yá.

Àárọ̀ kùtù ni àbúrò mi á ti gbé àpótí jókòó sí iwájú àtíbàbà, á máa bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. "O káàárọ̀, ìyá ọlọ́mọ. Ṣé òtútù ò mú ọ? Ilé rẹ dọ̀tí o, ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí ọpọ́n. Ó ń jẹun. Ní ọjọ́ tí ẹyin pa, ó wá jí mi, ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láìwọ bàtà, a rí nǹkan pupa mẹ́ta tí kò níyẹ̀ẹ́ lára, ẹnu wọn ló ju ara wọn lọ. Mo ní wọ́n burẹ́wà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán.

"Lọ sọ fún Agbẹ̀bí," mo wí fún un nígbà tó yọ́ díẹ̀. "Aṣọ rẹ̀ ni. Sunday tí wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́."

"Kí èmi lọ bá a? Èmi tí mo búra?" Ó gbọn ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ń bojú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún níta.

Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló wá, ní Monday ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹni tí kò bá wọ aṣọ akọrin kò gbọdọ̀ gun orí pẹpẹ lọ kọrin, kò sì sí aṣọ ẹlòmíràn tó lè gba ara rẹ̀. Ó ti gbé ìbúra mì. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, ó dojú kọ ògiri, ó sọ ọ́ tantan:

"Mo wá gba aṣọ mi. Mi ò wá kí ẹnikẹ́ni!"

Kò-sábàwọ́n fò kúrò nídìí ọpọ́n, ó lọ na ọwọ́ méjèèjì síwájú àtíbàbà. "O ò lè gbà á."

"Kí lo wí?"

"O ò lè gbà á. Padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n wá gbà á? Ìwọ lo sọ pé ẹni tó laṣọ ló ń wá gbaṣọ. Mo wá báyìí, o ní kí n padà?"

"Rọra sọ̀rọ̀!"

"Nítorí kí ni màá ṣe rọra sọ̀rọ̀? Aṣọ mi ni!"

"Agbẹ̀bí, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ìyá rẹ, bú mi bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n kí o bú mi wúyẹ́wúyẹ́."

Mi ò mọ ohun tí Agbẹ̀bí rí lójú àbúrò mi, ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n wá ń jà wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ń fò, ojú ń yọ, ọrùn ń le, ohùn wọn ò sì ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ kó lè sùn lọ. "Olójú burúkú." "Ìwọ náà ni." "O fẹ́ dójú tì mí láàrin ìjọ." "Ìwọ lo kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀." "Èmi? Èmi fi ọ́ sílẹ̀?" Mo ki orí mi sínú aṣọ tí mò ń lọ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹ̀rín mi. Ojú mi ṣì gbóná títí dòní níbi tí áyọ́ọ̀nù ti fẹ́ kàn mí.

Àárín èyí ni ìyá ẹyẹ dé, kòkòrò lẹ́nu. Ó bà sórí okùn, ó wo àwọn obìnrin méjì wọ̀nyí, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Agbẹ̀bí kọjá, ó wọnú apá aṣọ lọ. Ariwo bá ta nínú aṣọ: ṣíoṣíoṣíoṣío!

Ẹnu Agbẹ̀bí ò padé mọ́. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà, agbẹ̀bí nìkan ló lè ṣe é. Ó ká apá aṣọ ara rẹ̀ sókè, ó ní, "Omi àti ọṣẹ dà?" Ó fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ó gbọ̀n ọ́n gbẹ, ó rọra yọ́ lọ síbẹ̀, ó tẹ̀ba wò wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n.

"Mẹ́ta," ó wí. "Gbogbo wọn ń ké dáadáa. Ìyá wọn ńkọ́, ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun," àbúrò mi dáhùn, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. "Ìrẹsì tí ó ṣẹ́kù ni mò ń dà síbẹ̀ fún un."

Ni Agbẹ̀bí bá tú gèlè rẹ̀, ó ki í bọ ẹnu, gbogbo ara rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Àbúrò mi náà fi épírọ́ọ̀nù bo ẹnu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, èmi tí mo ní kí n má rín sì ti dùbúlẹ̀ sórí àwọn aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. A ní láti tún gbogbo wọn lọ̀.

Báyìí ni Agbẹ̀bí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á gbé àpótí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti àbúrò mi. Àwọn ẹyẹ ti ń níyẹ̀ẹ́. Ọ̀kan wà tó máa ń gun orí àwọn yòókù bí oúnjẹ bá dé, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó máa kọ́kọ́ fò. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ, oúnjẹ ẹyẹ, ìgbẹ́ ẹyẹ, kò sí èyí tó fẹnu kan ọkọ tó kú tàbí àdúrà. Mo rí i pé wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ náà ká bí ẹni tó ń yẹ ihò ojú ọ̀nà sílẹ̀.

Ní ọ̀sán Thursday, òjò ṣú. Atẹ́gùn gbé e wá lójijì, páànù àtíbàbà ń lù gbàgàgbàgà, okùn ń fi aṣọ náà síwá sẹ́yìn. Agbẹ̀bí wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì sáré wọ abẹ́ àtíbàbà, ọ̀kan di èjìká aṣọ ọ̀tún mú, ìkejì di ti òsì, wọ́n gbé e ró láàrin wọn bí ẹni tó gbé aláìsàn dìde. Èmi na agboorùn sí ẹ̀gbẹ́ tí òjò ń gbà wọlé. Agboorùn náà yí padà, mo dì í mú bẹ́ẹ̀ náà.

Nínú òjò yìí ni àbúrò mi ti sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ́tí.

"O sọ fún mi pé ó máa dìde. O ní Ó ti gbọ́."

Omi ń ṣàn lójú Agbẹ̀bí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òjò nínú rẹ̀. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí, ni mo fi sọ ọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá ń rọbí lọ́dọ̀ mi, pé ó máa dáa. Nígbà mìíì kì í dáa. Mo lọ sílé lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ rẹ, mo bínú sí Ọlọ́run débi pé mi ò lè kọrin fún oṣù kan. Mò ń la ẹnu lásán láàrin akọrin."

"O ò sọ fún mi."

"O ti ti ilẹ̀kùn."

Àbúrò mi tún ọwọ́ rẹ̀ dì mọ́ èjìká aṣọ. "Di tìrẹ mú dáadáa," ó wí, "wọ́n ń mì." Lẹ́yìn ìgbà náà ló ní, "Inú mi dùn pé o bínú sí I." Agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kékeré kan fún àwọn ọmọ ẹyẹ kí wọ́n má bẹ̀rù. Òjò rọ̀ títí apá wọn fi kú, wọn ò gbé aṣọ náà sílẹ̀. Inú mi dùn gan-an lábẹ́ agboorùn mi tó ti bàjẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Sunday. Agbẹ̀bí ní kò sí wàhálà, òun á jókòó sísàlẹ̀ láàrin ìjọ, ẹlòmíràn á gbé ohùn òkè. Kò-sábàwọ́n fò sókè. Ó ní alágbàfọ̀ wo ló máa jẹ́ kí oníbàárà òun wà láìláṣọ nítorí pé òun ti fi aṣọ rẹ̀ ṣe ilé ẹyẹ? Ó wọ yàrá mi, ó yọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mi tó tóbi jù, èyí tó funfun báláú, kò bi mí. Ó ki í bọ sítáàṣì tó nípọn, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi le. Lóòótọ́ ni mò ń sọ, ó dá dúró lórí ilẹ̀ láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Kò sí àkókò láti rán an. Ó fi yí Agbẹ̀bí ká, ó ṣẹ́ ẹ níwájú ní ìṣẹ́po mẹ́rin mẹ́rin, ó sì fi gbogbo pẹ́ẹ̀gì ilé wa há a lẹ́yìn. Láti iwájú, aṣọ akọrin gidi ni. Láti ẹ̀yìn, okùn ìsáṣọ ni.

"Tí mo bá mí kanlẹ̀ ńkọ́?" Agbẹ̀bí béèrè.

Ó mí kanlẹ̀, pẹ́ẹ̀gì kan sì ta lọ bá fèrèsé.

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ, kó máa dì í mú," mo wí. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó wojú mi: "Orúnkún mi ò lè tẹ̀ mọ́ o."

Kò-sábàwọ́n wo pẹ́ẹ̀gì, ó wo ilẹ̀. "Èmi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì o," ó wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kó yé gbogbo yín. Pẹ́ẹ̀gì mi ni mò ń sìn lọ."

Ní Sunday, a ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé nítorí ológbò, a gbéra. Agbẹ̀bí kò lè jókòó, ó dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn. Àbúrò mi lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ láàrin akọrin, kò sẹ́ni tó rí i. Èmi jókòó níwájú, mo sì gbé ọwọ́ lé àyà. Orin bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ ibi tó ń lọ, nítorí Agbẹ̀bí ti ń kọ ọ́ fún ẹyẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dé òkè pátápátá, ó fa èémí, pẹ́ẹ̀gì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ọ̀kan bá olórí akọrin níwájú orí. Ọ̀kan bọ́ sórí dùùrù, ó tẹ ohùn kan tí kò sí nínú orin. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mi ń ṣí lọ. Ni Kò-sábàwọ́n bá dìde, ó sì fi apá méjèèjì gbá Agbẹ̀bí mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó dì í gbọingbọin. Ìjọ rí obìnrin kan tó ní orí méjì àti ọwọ́ mẹ́rin. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan rò pé ara orin náà ni, wọ́n dìde ń pàtẹ́wọ́. Agbẹ̀bí kò dá ohùn dúró. Ó kọ ọ́ dópin, ẹ̀rín ń gbọ̀n nínú rẹ̀, ojú àbúrò mi sì wà lẹ́bàá èjìká rẹ̀, ó dijú pinpin.

Ó sọ fún mi lọ́nà ilé pé òun kò gbọ́ orin náà létí, ẹ̀yìn Agbẹ̀bí ló ti ń gbọ̀n wọ inú egungun àyà òun. Ó ní òun kò mọ̀ pé orin ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú èèyàn. Ó sáré sọ pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Mo ní, "Mo gbọ́."

Agbẹ̀bí bá wa délé, a ṣí ẹ̀yìnkùlé, a yọ́ ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Àtíbàbà dákẹ́. Àbúrò mi yọjú sínú apá aṣọ. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtẹ́ náà ti ṣófo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fò lọ nígbà tí a kò sí nílé.

Ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ síta láàrin àgbàlá, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó gbé ojú sókè, ó sì fi ohùn tó máa ń lò fún oníbàárà tó bá ba iṣẹ́ òun jẹ́ sọ̀rọ̀ sójú ọ̀run.

"Ìwọ! Ìwọ ni mò ń bá wí! O ò lè dúró dè mí? Mo gbé wọn ró nínú òjò, mo dáwọ́ iṣẹ́ mi dúró, mo mú ọlọ́pàá fi ọmọníka ẹsẹ̀ rìn! Ilé Rẹ náà ni mo lọ láàárọ̀ yìí, ibòmíì kọ́ ni mo lọ! O wá dúró títí mo fi jáde tán kí O tó jẹ́ kí wọ́n fò?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe sí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó ti ọkọ mi láti àárọ̀. Òjò ló ń bọ̀, mo ní kí n sáré kó aṣọ àwọn oníbàárà wọlé, kí n tó padà sínú yàrá, O ti jẹ́ kó lọ. Èmi ni mo jáde. Aṣọ ni mo lọ kó! O ò lè dúró dè mí kí n kó aṣọ tán?"

Mi ò gbọ́ èyí rí. Agbẹ̀bí náà kò gbọ́ ọ rí. Ọdún kan gbáko ló fi gbé e sínú, òun nìkan. Agbẹ̀bí rìn lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi apá yí i ká.

Àbúrò mi ṣì gbójú sókè. "Ó dáa," ó wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Wọ́n ti lọ. Kí ológbò má rí wọn. Ọ̀gá Àgbà yẹn, ọ̀kánjúà ni, bá mi mójú tó o. Kí o sì bá mi mójú tó ọkọ mi náà."

"Àmín," Agbẹ̀bí wí.

Kò-sábàwọ́n yíjú sí i wàì. "Ta ló ní kí o ṣe àmín? Ta ló ń gbàdúrà?"

Èmi ń wo ilẹ̀, Agbẹ̀bí ń wo pẹ́ẹ̀gì. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ẹkún kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀. Mo ní ká wọlé, kí n gbé oúnjẹ kaná.

"Ẹ lọ ṣáájú," àbúrò mi wí, ó sì tún gbójú sókè. "Mi ò tíì bá A sọ̀rọ̀ tán."